Ojú Ìwé Tí Ìyá Aránwèé Kọ̀ Láti Rán

Ṣọ́bìrì ni wọ́n fi pa ọmọ Ìyá Aránwèé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni àbúrò ọkọ rẹ̀ gbé e sókè, ẹ̀ẹ̀mẹta náà ló sọ ọ́ lu orí ọmọkùnrin náà, nítorí ilẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin tó wà láàárín ilé méjì. Ìyá ọmọ wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ọṣẹ ṣì ń hó lọ́wọ́ rẹ̀. Kó tó sáré débẹ̀, orí ti fọ́. Àwọn ẹbí ní ṣe ló yọ̀ ṣubú lu òkúta. Nígbà tí ìyá ọmọ ní irọ́ ni, wọ́n lù ú títí eyín iwájú rẹ̀ méjì fi yọ, wọ́n da ẹrù rẹ̀ sójú títì. Ọkọ rẹ̀ ti kú ṣáájú. Kò sí ẹni tó máa gbìjà rẹ̀.

Ìwé rírán ló fi ń jẹun láti ìgbà náà, ó ti di ọdún mẹ́ta. Kò mọ̀wé kà o, ṣùgbọ́n ìwé tó bá gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá, kò tú mọ́ láéláé. Yóò to ojú ìwé jọ, yóò fi irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó lu ẹ̀yìn rẹ̀, yóò wá fa òwú tó ti fi ìda pa kọjá. Lọ́dọọdún, àwọn tó ń wádìí ìtàn ìdílé wọn máa ń ṣe àpérò ọjọ́ mẹ́ta ní gbọ̀ngàn ilé-ìwé kan. Òun ni wọ́n máa ń pè wá rán ìwé wọn.

Wọ́n ní òfin kan níbẹ̀. Ohun tí ẹni méjì tó wà láàyè kò bá jẹ́rìí sí, pẹ́ńsù ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Bí ẹni méjì bá fọwọ́ sí i, wọ́n á fi báírò kọ ọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹta, olórí ìdílé kọ̀ọ̀kan á ka ojú ìwé tirẹ̀ sókè kó tó kan abẹ́rẹ́. Ẹni tó bá ní àtakò, àsìkò yẹn ni kó sọ ọ́. Bí wọ́n bá ti rán an, ọ̀rọ̀ ti parí.

Lọ́dún yìí, àbúrò ọkọ rẹ̀ wá fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó ti sọ ara rẹ̀ di olórí ìdílé. Ìyàwó rẹ̀ ń tẹ̀lé e, ó gbé ìwé ìdílé mọ́ àyà. Bí ọkùnrin náà ṣe rí Ìyá Aránwèé nídìí tábìlì, ẹ̀rín ló bú sí.

"Ìyàwó wa! Ṣé òpè ni wọ́n ń fún níwèé báyìí?"

"Ọkọ mi, wọ́n fún apànìyàn ní àga. Kí ló dé tí wọn ò ní fún òpè níwèé?"

Ọkùnrin náà mọ̀ pé Ìyá Aránwèé kò mọ̀wé kà, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀. Kò mọ̀ pé wọ́n máa ní kí òun kà á sókè. Nígbà tí Tíṣà Àgbà, ẹni tó ń darí àpérò, pè é dìde, ó ṣí ìwé náà. Ó kà á dé orí ọmọ náà: "Ó ṣubú, ó sì kú. Ẹlẹ́rìí: èmi àti ìyàwó mi."

"Mi ò rán an," ni Ìyá Aránwèé wí. "Ó pa á ni. Ojú mi ló ṣe."

"Ìyá, ta ni ẹnìkejì yín?" Tíṣà béèrè. "Ẹni méjì ló fọwọ́ sí tiwọn."

Kó tó dáhùn, àbúrò ọkọ rẹ̀ ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó gbá a létí, ó fún un lọ́rùn, ó gbá orí rẹ̀ mọ́ tábìlì lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá Aránwèé na ọwọ́, ó kan irin, ó gún un ní ẹ̀yìn ọwọ́ títí irin fi kan egungun. Ọkùnrin náà ké bí ẹran. Ẹ̀jẹ̀ ta sórí ìwé ìran-ìran àwọn ẹlòmíràn.

Ìyàwó rẹ̀ ló dìde.

"Ìka mi ló wà níbẹ̀ lóòótọ́," ó ní. "Òun ló dì í mú, tó fi tẹ̀ ẹ́. Èmi ni mo fọ ṣọ́bìrì náà. Irun ọmọ yẹn wà lára rẹ̀."

Àga ni ọkọ rẹ̀ jù. Ó bà á ní apá, gbogbo gbọ̀ngàn gbọ́ bí egungun ṣe dá. Ó tún ń wá àga mìíràn nígbà tí ọkùnrin mẹ́rin dá a dojú bolẹ̀, tí wọ́n jókòó lé e lẹ́yìn títí ọlọ́pàá fi dé.

Tíṣà fi báírò fa ìlà sórí irọ́ náà. Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé àbúrò bàbá ọmọ náà ló fi ṣọ́bìrì pa á.

"Ẹ tún un kà," ni Ìyá Aránwèé wí. Ó tún un kà. Obìnrin méjèèjì tẹ̀ka. Ọwọ́ òsì ni ìyàwó náà fi tẹ̀ ẹ́.

"Ìyálé mi," ó rọra wí, "mi ò lè padà sílé yẹn mọ́."

"Ta ló ní kóo padà? Yàrá kan ni mo ní. Bẹ́ẹ̀dì kan."

"Mo máa ń hanrun o."

"Ilẹ̀ lo máa sùn nìyẹn." Ìyá Aránwèé fi etí aṣọ nu ẹ̀jẹ̀ imú ara rẹ̀. "Ọdún mẹ́ta lo fi panu mọ́. Mi ò tíì dárí jì ẹ́. Dìde, ká lọ tọ́jú apá yẹn."