Fèrè Tí Mojúbàolú Fọn Kó Tó Kú

Mojúbàolú, ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ etídò Ìpakodò, ti kú. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá ni, oòrùn ṣì wà lókè. Olè wọ ọkọ̀ ojú omi wá jí ẹ́ńjìnnì àwọn apẹja. Mojúbàolú fọn fèrè títí, kò sẹ́ni tó jáde. Wọ́n yìnbọn pa á.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú èèyàn tí mo jẹ́. Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà, síbẹ̀ pákó tí mo tà ló kọ́ ilé alájà méjì mi tó kọjú sí etídò, àwọn tó kàwé yanjú ló sì ń háyà yàrá lọ́wọ́ mi. Bí mo bá húkọ́ ní wọ́ọ̀dù wa, alága ẹgbẹ́ òṣèlú wa á ní, "Pẹ̀lẹ́ sà." Ọgbọ́n mi pọ̀. Ẹ máa kà á lọ.

Tẹ́lẹ̀, rímù mọ́tò kan ni Mojúbàolú so mọ́ igi àgbọn létídò. Bó bá ti lù ú lẹ́ẹ̀mẹ́ta, olè dé nìyẹn. Tọkùnrin tobìnrin á tú jáde pẹ̀lú àjẹ̀ lọ́wọ́. Ọdún mọ́kànlá, ẹ́ńjìnnì kan ò sọnù. Ọkùnrin náà kì í jókòó sẹ́nu iṣẹ́. Bí Sìlífátù ẹlẹ́ja bá gbé àpótí fún un, á ní, "Ẹ ṣeun, ìyá. Bí ìdí mi bá jókòó, ojú mi náà á fẹ́ jókòó."

Lọ́dún 2007, ẹgbẹ́ wa gbé ètò ààbò dé. Wọ́n ní rímù ò bá ayé òde òní mu. Ta ló mú ayùn, tó gé e lulẹ̀ ní gbangba? Èmi ni. Wọ́n tilẹ̀ yà mí ní fọ́tò.

Fèrè ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, irú èyí tí rẹfirí ń fọn. Ṣé ọlọ́dẹ nìkan ni wọ́n fún? Ó tì o! Irinwó fèrè, gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ gba tiẹ̀. Èmi gba méjì, torí èmi kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹnikẹ́ni.

Mojúbàolú yẹ tiẹ̀ wò. "Alhaji, bí gbogbo wa bá ń fọn ọ́n, báwo lẹ ṣe máa mọ tèmi?"

Mo ní, "Mojú, ìwọ ò mọ òṣèlú."

"Òótọ́ ni, sà. Olè ni mo mọ̀."

Gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Tèmi ló pẹ́ jù.

Bí fèrè ṣe di orin nìyẹn. Ìkómọ, fèrè. Bọ́ọ̀lù, fèrè. Alága ń kọjá lọ, fèrè. Ta ni yóò tún sáré jáde?

Àgọ́ ọlọ́pàá tí ẹgbẹ́ ṣí ńkọ́? Ọ̀dà rẹ̀ ń dán, ewúrẹ́ ló ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Síbẹ̀ wọ́n ní ìwà ọ̀daràn ti dínkù. Ṣé kò ní dínkù? Ta la rí fi ẹjọ́ sùn?

Níbi ìsìnkú, ẹgbẹ́ gbé pátákó ńlá wá: àwòrán alága gbòòrò, orúkọ òkú kéré bí ẹsẹ̀ èèrà. Ibẹ̀ ni Mùlíkátù, ìyàwó olóògbé, ti bi mí pé, "Alhaji, iwájú ilé yín ló kú sí. Ṣé ẹ gbọ́ fèrè rẹ̀ àbí ẹ ò gbọ́?"

Èmi tí n kì í wá ọ̀rọ̀ tì, mo ní balùwẹ̀ ni mo wà.

Irọ́ ni. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè ni mo wà, mò ń mu tíì. Mo gbọ́. Mo rò pé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ló ń kí mi, mo sì juwọ́ sí wọn láìwo ìsàlẹ̀. Ọkùnrin tó ń kú lọ ni mo juwọ́ sí.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀, lẹ́yìn ìrun, mo ń lọ sílé Mùlíkátù láti sọ bẹ́ẹ̀ fún un lójúkojú. Ẹ̀yin aṣáájú ẹgbẹ́, ẹ máa bọ̀. Ẹ wá sọ ẹni tó ní kí á pín fèrè ọlọ́dẹ bí ẹni pín súìtì. Ẹ wá sọ ìdí tí ọlọ́pàá ò fi sí nínú àgọ́. Ẹ má rán akọ̀wé, ẹ má gbé pátákó. Obìnrin náà béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ wa. Mo ti dáhùn tèmi síbí, ojú sì ti tì mí.

Ta ló kàn?