Ọjọ́ Tí Ọmọ Wa Wà Lára Àwọn Tó Dí Ọ̀nà

Nígbà tí kíndìnrín ọkọ mi daṣẹ́ sílẹ̀, gbogbo ìgbé ayé wa yí padà. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní ọsibítù kan ní Áílàǹdì. Gbogbo nǹkan yòókù, ìbáà ṣe ìgbéyàwó mọ̀lẹ́bí, ìbáà ṣe ìsìn, ìbáà ṣe oorun pàápàá, àárín ọjọ́ méjèèjì yẹn la ń há a sí. Tí wọ́n bá fọ̀ ọ́ tán, ó máa ń rẹ̀ ẹ́. Tó bá tún kù díẹ̀ kí wọ́n fọ̀ ọ́, ó máa ń wú. Ọjọ́ tí ara rẹ̀ ń dá ṣáṣá láàárín ọ̀sẹ̀ kò pọ̀, ó sì ti ń rẹ èmi náà díẹ̀díẹ̀ láìmọ̀.

Ṣàngótẹ̀dó là ń gbé, nínú ẹ́sítéètì kan tí òjò máa ń ba ọ̀nà rẹ̀ jẹ́ lọ́dọọdún. Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan nítòsí ọjà ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọdé. Ọkọ mi ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ yíyàwòrán ilé. Ẹni tó bá ń gbé apá ọ̀dọ̀ wa mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí: tí o bá ń lọ sí Áílàǹdì, ọ̀sà wà lọ́tùn-ún, òkun wà lósì, ọ̀nà ńlá kan ṣoṣo ni gbogbo wa gbójú lé láàárín. Tí ọ̀nà yẹn bá dí, a há nìyẹn.

Ọmọ kan ṣoṣo la bí, obìnrin ni. Ó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní ọ́fíìsì kan ní Ìkátẹ, ọ̀dọ̀ wa ló ṣì ń gbé. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìwọ́de, ó wà lára wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń sọ kò ṣòro. Wọ́n ní ìbò tí à ń dì ti di yẹ̀yẹ́, pé ńṣe ni àwọn tó ń ṣèjọba ń yan ara wọn, pé ọlọ́pàá sì ń lu ẹni tó bá bèèrè ìdí. Mo mọ̀ pé òótọ́ ni. Èmi fúnra mi ti dúró lórí ìlà ìbò láti àárọ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí, kí wọ́n tó wá sọ fún wa pé ìwé ìdìbò kò dé wọ́ọ̀dù wa, pé ká máa lọ sílé. Nítorí náà n kò dá a lẹ́kun. Bàbá rẹ̀ tiẹ̀ ń yangàn ni. Nígbà ìjọba àwọn sójà, nígbà tó wà ní yunifásítì, òun náà ti sun táyà lójú títì, ó ti jẹ kóbókò, àpá rẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀. Tó bá ti ń sọ ìtàn yẹn fún ọmọ rẹ̀, ńṣe ni ohùn rẹ̀ máa ń padà di ti ọ̀dọ́.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ni wọ́n ń dúró sí. Wọ́n á gbé páálí tí wọ́n kọ̀wé sí sókè, àwọn ọlọ́kọ̀ á fọn fèrè kí wọn, wọ́n á sì kọjá lọ. Nígbà tó pẹ́, wọn kò tiẹ̀ fọn fèrè mọ́. Ní alẹ́ ọjọ́ kan tí a ń jẹun, ọmọ wa sọ fún wa pé ní ọjọ́ Ẹtì, àwọn máa jókòó sáàárín títì.

Ó ní, "Mọ́mì, a ti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títí ó fi sú wa. Ńṣe ni wọ́n ń juwọ́ sí wa bí ìgbà tí à ń ṣe ìnáwó. Àfi tí nǹkan bá dúró kí wọ́n tó gbọ́."

Mo bi í pé, "Nǹkan ta ni yóò dúró?"

Ó ní, "Ti gbogbo wa."

Bàbá rẹ̀ mi orí. Ó ní a kàn máa tètè jáde ni, kí wọ́n tó jókòó, a ó ti kọjá.

Ṣùgbọ́n ara kì í gbọ́ àṣẹ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì yẹn, ọkọ mi bì, ó tún bì, òòyì ń kọ́ ọ débi tí kò fi lè wọ bàtà. Mo jókòó tì í lórí bẹ́ẹ̀dì títí ó fi lè dìde. Nígbà tí táksí tí a pè fi máa gbé wa, oòrùn ti yọ, ọmọ wa sì ti jáde láti ìdájí. A kọjá Ajah. A ń fà bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó kù díẹ̀ ká dé Ìkátẹ, ọkọ̀ dúró, awakọ̀ sì pa ẹ́ńjìnnì.

Ó ní, "Mọ́mì, ó parí. Wọ́n ti dí i."

Ọkọ mi gbé orí lé gíláàsì. Ojú rẹ̀ ti wú, ó ń mí bí ẹni tó gun òkè. Mo ní kí awakọ̀ dúró tì í, mo bọ́ sílẹ̀, mo rìn lọ síwájú láàárín àwọn ọkọ̀. Àwọn ènìyàn ti jáde, wọ́n ń bú, wọ́n ń fi ìwé fẹ́ ara wọn. Obìnrin kan ń bẹ ọ̀gá rẹ̀ lórí fóònù pé kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n má fi ẹlòmíràn rọ́pò òun, òun ń bọ̀. Níwájú, mo rí àwọn ọ̀dọ́ tó jókòó sórí títì, tí wọ́n ń kọrin, tí wọ́n to àga àti táyà síwájú ara wọn. Wọ́n kéré lójú mi. Púpọ̀ nínú wọn kò ju àwọn tí mo kọ́ ní álífábẹ́ẹ̀tì lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó di ẹ̀rọ gbohùngbohùn mú ló dìde pàdé mi.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ mi, ọkọ mi ń lọ fọ ẹ̀jẹ̀. Kò lè dúró."

Ó ní, "Ẹ má bínú, Mọ́mì. Àwa náà ti sọ pé áńbúláǹsì máa kọjá."

"Kì í ṣe áńbúláǹsì la gbé wá. Táksí ni. Ta ló ń gbé áńbúláǹsì lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀?"

Ó wò mí. Kò bá mi jiyàn, ìyẹn ni n kò lè gbàgbé nípa rẹ̀. Ó yí padà, ó pariwo sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n gbé àga kúrò, wọ́n yí táyà sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n sì ṣí àyè tí ọkọ̀ kan lè gbà. Ó ní, "Ẹ máa mú wọn bọ̀, Mọ́mì."

Mo yíjú padà wo ọ̀nà tí mo gbà wá. Àwọn ọkọ̀ ti fún mọ́ ara wọn bí ẹja inú agolo. Kò sí èyí tó lè lọ síwájú, kò sí èyí tó lè padà sẹ́yìn. Ọmọkùnrin náà rí i nígbà tí èmi náà rí i. Ó gbé ọwọ́ lé orí. Ìlẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè dé ẹnu rẹ̀.

Mo pe ọmọ wa. Ìdènà kejì ló wà, níwájú. Ó sáré wá, àsíá so mọ́ ọrùn rẹ̀, òógùn bò ó. Nígbà tó dé ibi ọkọ̀ tó rí ojú bàbá rẹ̀, ó dúró gbagidi.

Ó ní, "Dádì."

Èmi ni mo dáhùn. Mo ní, "Wò ó dáadáa. Òun náà wà lára ‘gbogbo wa’ tí o ní nǹkan máa dúró fún."

Ọkọ mi ní, "Ìyá ọmọ mi, ó tó. Ẹ jẹ́ ká wá ibi tí a máa gbà."

Awakọ̀ ló rántí omi. Ó ní tí a bá lè dé inú Ìkátẹ àtijọ́, àwọn apẹja kan ṣì wà létí ọ̀sà tí wọ́n ní ọkọ̀ ojú omi ẹlẹ́ńjìnnì. Ọmọ wa àti ọmọkùnrin gbohùngbohùn yẹn gbé ọkọ mi lé èjìká wọn. Wọ́n mú un gba ẹ̀gbẹ́ títì wọnú àdúgbò, wọ́n rí kẹ̀kẹ́ Márúwá kan tó gbé àwa mẹ́ta lọ sí etí omi. Ọmọkùnrin náà padà sí ìdènà. N kò mọ orúkọ rẹ̀ di òní.

Bàbá arúgbó kan ló gbé wa. Ọmọ ilẹ̀ ibẹ̀ ni, àwọ̀n ló ń tún ṣe nígbà tí a bá a. Ó wo ọkọ mi lẹ́ẹ̀kan, kò bèèrè nǹkan kan, ó fa ọkọ̀ rẹ̀ sómi. Nígbà tí a ti kúrò létí omi ló tó rí àsíá lọ́rùn ọmọ wa.

Ó bi í pé, "Ìwọ náà wà lára wọn?"

Ọmọ wa ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

 Bàbá náà nawọ́ sí àwọn ilé gogoro tó wà létí omi, àti iyanrìn funfun tí wọ́n dà sínú ọ̀sà níwájú wọn. Ó ní, "Ibẹ̀ yẹn, omi ni tẹ́lẹ̀. Ibẹ̀ ni bàbá mi ti ń dẹ àwọ̀n. Wọ́n da iyanrìn sí i, wọ́n kọ́lé. A pariwo títí, a kọ̀wé títí. Nígbà yẹn, ta ló dí ọ̀nà fún wa?"

 Mo rò pé bàbá náà máa bú ọmọ wa. Ṣùgbọ́n ó kàn mí kanlẹ̀, ó ní, "Bóyá ká ní a ti dí i nígbà náà, wọn ì bá ti gbọ́. N ò mọ̀. Ẹja tí ìyàwó mi fẹ́ gbé lọ tà láàárọ̀ yìí ti ń bà jẹ́ nílé."

Ọmọ wa bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ọkọ mi tó gbé orí lé itan mi na ọwọ́, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ohùn rẹ̀ kò jáde dáadáa, àfi kí èèyàn tẹ etí sílẹ̀.

Ó ní, "Má sunkún. Ṣé o rò pé kò sí aláìsàn lójú ọ̀nà tí èmi àti àwọn ẹgbẹ́ mi dí nígbà ayé àwọn sójà? Wọ́n wà níbẹ̀. A ò kàn rí wọn ni."

A gúnlẹ̀ sí Áílàǹdì.

Nígbà tí a dé ọsibítù, àwọn nọ́ọ̀sì tó yẹ kó gbaṣẹ́ kò tíì dé. Àwọn náà há sójú ọ̀nà. Nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo tó ti ṣiṣẹ́ mọ́jú ló wà nídìí ẹ̀rọ, ojú rẹ̀ pọ́n, àwọn aláìsàn yí i ká. Ó pín àkókò láàárín wọn bó ṣe lè ṣe é, wọ́n fọ ẹ̀jẹ̀ ọkọ mi ní àfọ̀ìtán. Ó ní kí n má bínú. Mo ní báwo ni mo ṣe fẹ́ bínú sí i.

Kò kú. Mo sọ ọ́ báyìí nítorí pé ohun tí gbogbo ènìyàn máa ń kọ́kọ́ bi mí nìyẹn, bí ẹni pé tí kò bá ti kú, ọ̀rọ̀ ti tán. Omi wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ní òpin ọ̀sẹ̀ yẹn, wọ́n dá a dúró sí ọsibítù, a sì padà sílé pẹ̀lú ọkùnrin tí kò lè gun àtẹ̀gùn ilé rẹ̀ mọ́. Dókítà ní kò sí ẹni tó lè sọ bóyá nítorí ọjọ́ yẹn ni, tàbí àìsàn náà ló dé ibi tó ń lọ. Mo gbà á bẹ́ẹ̀. Ó ti rẹ̀ mí jù láti máa wá ẹni tí mo máa di ẹ̀bi rù.

Ìjọba ní àwọn yóò gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ìbò. Wọ́n tú àwọn ọ̀dọ́ kan tí ọlọ́pàá mú níbi ìwọ́de sílẹ̀, wọ́n yọ ọ̀gá ọlọ́pàá kan nípò. Ọmọ wa ní ìyẹn kì bá tí ṣẹlẹ̀ ká ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ni àwọn ṣì wà. N kò lè já a nírọ́. Fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, èmi pẹ̀lú rẹ̀ kì í sọ ju "ẹ káàárọ̀" àti "oúnjẹ ti jinná" lọ. Ó máa ń jí ṣáájú mi lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, á sì ti fi omi gbígbóná nu ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ kí n tó jáde ní yàrá.

Nígbà tó yá, mo gbọ́ ọ lẹ́yìnkùlé, tó ṣí ohùn fóònù síta, tó ń bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jiyàn. Ó ní kí wọ́n máa fi ẹ̀gbẹ́ kan sílẹ̀ nígbàkígbà tí wọ́n bá jókòó, kí aláìsàn lè kọjá. Àwọn kan ní tí ẹ̀gbẹ́ kan bá ṣí sílẹ̀, àwọn aláṣẹ ni yóò kọ́kọ́ gba ibẹ̀ kọjá pẹ̀lú jíìpù wọn. Ẹnì kan ní ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ ti sọ ọ́ di ojo. Ọmọ wa wọlé, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní kíṣìnnì, ó ń bá mi já ewédú. Ìgbà yẹn ni mo rí i pé ó ti rẹ òun náà. Ọmọ tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, èjìká rẹ̀ ti wálẹ̀ bíi tèmi.

Nígbà tí wọ́n tún kéde ìwọ́de mìíràn fún ọjọ́ Ẹtì, ó sọ fún wa ṣáájú. Ní Ọjọ́bọ̀, ó fi ọkọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbé wa lọ sí ilé ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ní Ọbáléńdé, pé kí ilẹ̀ tó mọ́ lọ́jọ́ kejì, ká ti wà ní òdì kejì ìdènà. Òun ló gbé báàgì bàbá rẹ̀ wọlé, òun ló tẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó kúnlẹ̀ kí wa pé ó di ọ̀la. Bàbá rẹ̀ gbé ọwọ́ lé e lórí, ó ní kó ṣọ́ra fún ìbọn.

Èmi ní, "Wọ́n gbà kí ẹ fi ẹ̀gbẹ́ kan sílẹ̀?"

Ó ní, "Wọn ò gbà tán, Mọ́mì. Ṣùgbọ́n èmi ni mo máa dúró síbẹ̀."

Ọkọ mi fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dáadáa lọ́jọ́ kejì. A padà sí Ọbáléńdé, ó sùn. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tan tẹlifíṣọ̀n, a ń wo àwọn ọmọ náà lójú títì, a kò rí tiwa láàárín wọn. Mo ń ronú nípa àwọn tó wà ní Ṣàngótẹ̀dó àti Ajah lọ́jọ́ yẹn tí wọn kò ní ẹ̀gbọ́n ní Ọbáléńdé.

Ẹ̀gbọ́n bi mí pé, "Ìyàwó wa, ṣé ohun tí wọ́n ń ṣe yìí dára lójú tìrẹ?"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ohun tí wọ́n ń wá dára."

Ó ń retí kí n sọ ìyókù.  Mo dìde, mo lọ gbé ìrẹsì tí kò ní iyọ̀ kaná fún ọkọ mi, kó tó jí.