Omi Tí Mo Bù sí Mọ́tò Ọkọ Wa

Nígbà tí eegun mi ṣì le, tí Okokomaiko ò tíì kún tó báyìí, ọkọ wa ra mọ́tò ìjàpá àlòkù kan lọ́wọ́ sójà ojú omi tí wọ́n ń gbé kúrò ní Navy Town. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ò mọ̀ ọ́n mọ́: mọ́tò rogodo tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà nídìí. Mẹkáníìkì tó yẹ̀ ẹ́ wò fún wa ní, "Ọ̀gá, arúgbó lẹ rà o. Láràárọ̀, kẹ́ ẹ tó sítáàtì rẹ̀, ẹ wo ọ́ìlì, ẹ fọwọ́ tẹ bẹ́líìtì, ẹ wo táyà. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá gbàgbé rẹ̀, òun náà á gbàgbé yín sọ́nà."

Ta ni ọkọ wa fi iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́? Ìyàwó tó fẹ́ lé mi ni o! Èmi ìyáálé, èmi tí mo bá a mu gàrí nígbà tí kò ní kẹ̀kẹ́. Ó ní ìyàwó mọ̀wé. Ẹ gbọ́ ná, ìwé wo ló wà nídìí ọ́ìlì? Irin gbọọrọ kan ni, gééjì ni wọ́n ń pè é. Ẹ ó fà á yọ, ẹ ó fi àkísà nù ún, ẹ ó tì í padà, ẹ ó tún fà á, ẹ ó wá wò ó bóyá ọ́ìlì wà láàárín àmì méjì. Àmì méjì péré! Bí mo bá sún mọ́ ọn, ọkọ wa á ní, "Ìyáálé, rọra, má bà á jẹ́." Ṣùgbọ́n tí ìyàwó bá na gééjì sókè, tó ní, "Dádì, ó pé o!", á rẹ́rìn-ín bí ẹni jẹ tẹ́tẹ́. Àkísà tó fi ń nù ún gan-an, ìró mi àtijọ́ ni!

Mo wá ń ṣọ́ ọ, kí n lè rí àṣìṣe rẹ̀. Mo sì rí i. Awakọ̀ takisí tá a jọ ń gbélé a máa bu omi sí mọ́tò tirẹ̀ láràárọ̀. Ìyàwó ò bu omi sí tiwa rí. Mo ní, ọwọ́ mi tẹ̀ ẹ́ wàyí! Ní ìdájí ọjọ́ kan, mo gbé kẹ́tùlù, mo ṣí ìdérí kan ṣoṣo tí mo rí lára ẹ́ńjìnnì, mo da omi sí i. Mo ti ń ro bí mo ṣe máa sọ ọ́ fún ọkọ wa tó bá ti ibi iṣẹ́ dé: "Ẹni tó mọ̀wé ń fi òùngbẹ pa mọ́tò yín."

Nígbà tí ìyàwó fa gééjì láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó ní, "Dádì, ó ti ga ju àmì òkè lọ o."

Ọkọ wa ń kánjú. "Lánàá lo ti bù ú jù," ló wí, ló bá wa mọ́tò lọ.

Kò dé Ìyànà-Ìbà tí ẹ́ńjìnnì fi dákú. Wọ́n tì í padà wálé. Nígbà tí mẹkáníìkì tú u nísàlẹ̀, ọ́ìlì tó ṣàn jáde funfun bí ògì. Ó figbe ta: "Ta ló bu omi sí ojú ọ́ìlì? Ìjàpá kì í mu omi! Atẹ́gùn ló ń tù ú lára!"

Ọkọ wa yíjú sí ìyàwó. Ìyàwó kúnlẹ̀, ó fi Bíbélì búra. Ọ̀rọ̀ ti dé ètè mi, mo gbé e mì. Ọkọ wa gba àkísà lọ́wọ́ rẹ̀, ó nà án sí mi. Títí ọkùnrin náà fi kú, tó bá ti ń bínú sí ìyàwó, á ní, "Ìwọ tó o fún ìjàpá lómi."

Ayé ti yí. Mọ́tò tí ọmọ mi obìnrin ń wà lónìí, fúnra rẹ̀ ló ń tan iná pupa tí ọ́ìlì bá dín. Kò sẹ́ni tí yóò jowú ẹni tó ń fa gééjì. Ṣùgbọ́n owú tèmi ò kú tán. Bí ẹ bá ti Ìbà dé, tẹ́ ẹ ń yin ọbẹ̀ ìyá yín àgbà, ó ṣì máa ń ta mí. Òun náà ni ìyàwó yìí, ìyá tó bí ìyá rẹ, ìwọ tó ò ń bá mi kọ ọ́. Kí ló dé tó o gbé bírò sílẹ̀? Kọ ọ́. Tó o bá délé lọ́la, kà á sí i létí. Má fo ibì kankan.