Orúkọ Mi Lẹ́nu Ìyá Mi

Bí igi dongoyaro bá ń tanná ní Kàdúná, òórùn rẹ̀ máa ń dùn débi pé èèyàn á gbàgbé pé ewé igi yìí kan náà ni wọ́n ń sè fún ibà, tó korò tí ojú ń fà ro. Ọ̀kan wà lẹ́yìn fèrèsé ilé wa ní Doka. Abẹ́ fèrèsé yẹn ni tábìlì ìyá mi wà, ibẹ̀ ló sì ti ń kọ ìwé rẹ̀. Títí di òní, bí òórùn òdòdó yẹn bá ti kàn mí nímú, ọkàn mi á kọ́kọ́ bàjẹ́ ná kí n tó rántí ohun tó bà á jẹ́. Ìgbà tí igi náà ń tanná ni Yorùbá bọ́ lẹ́nu ìyá mi, tí kò sì padà síbẹ̀ mọ́ títí ó fi kú.

Òǹkọ̀wé ni. Ìwé ìtàn ló ń kọ fún àwọn ọmọdé, ní èdè Yorùbá, ní ìlú tí àwọn ọmọ Yorùbá fúnra wọn ti ń fi Hausa ṣeré, tí wọ́n ń fi òyìnbó tọrọ àforíjì. Ọmọ Kàbà ni. Iṣẹ́ olùkọ́ ló gbé òun àti ọkọ rẹ̀ wá sí Kàdúná, ọkọ náà sì kú kí wọ́n tó bímọ. Kì í kọ gbólóhùn kankan sílẹ̀ láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ sọ ọ́ sókè kó gbọ́ bó ṣe ń dún. Bí kò bá sì dá a lójú irú àmì ohùn tó yẹ kó wà lórí ọ̀rọ̀ kan, á pa ẹnu dé, á kùn ún nímú: dò, rè, mí. Láàárọ̀, kí ojú mi tó là tán, kíkùn yẹn ni mo máa ń gbọ́, bí ẹni pé oyin kan há sínú yàrá rẹ̀.

Kì í ṣe òun ló bí mi. N kò mọ ẹni tó bí mi. Ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn ọmọ tí kò lóbìí ló ti rí mi, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn tàgétàgé. Ó fẹ́ràn láti máa sọ ìtàn ọjọ́ náà fún mi bí ẹni ń pàlọ́. Ó ní Hausa òun kò tíì dán rárá nígbà yẹn. Obìnrin tó ń tọ́jú wa gbé mi jáde sí i, ó fi Hausa dárúkọ mi fún un, ó ní, "Sunanta Asabe." Kò sí ọmọ Kàdúná tí kò mọ̀ pé ọmọbìnrin tí wọ́n bá bí lọ́jọ́ Àbámẹ́ta ni Hausa ń pè ní Asabe. Ìyá mi kò mọ̀. Àṣàbí ni etí tirẹ̀ gbọ́. Ẹnu yà á, ó ní ta ló sọ ọmọ Hausa ní Àṣàbí? Ẹni tí a ṣà kí a tó bí i! Òun tó ti dúró láti àárọ̀, tí kò mọ èyí tí ì bá mú nínú àwọn ọmọ tó wà níbẹ̀, ó ní ṣe ni orúkọ náà bọ́ sí òun létí bí ìdáhùn. Kí ẹnikẹ́ni tó ṣàlàyé fún un pé Àbámẹ́ta lásán ni mò ń jẹ́, ó ti pinnu pé èmi lòun máa pọ̀n lọ sílé. Àṣàbí ló sì ń pè mí láti ọjọ́ náà.

Mo dàgbà, mo ya aláìgbọràn létí èdè. Yorùbá yé mi yékéyéké, ṣùgbọ́n Hausa ni mo fi ń dáhùn, nítorí òun ni mo fi ń ṣeré ládùúgbò. Bí mo bá ti ilé ìwé dé, tí mo ní, "Mama, ina jin yunwa," á gbójú sókè á máa wo àjà. "Ẹ gbọ́ o, ta ló ń sọ̀rọ̀ níta yẹn? Ó jọ pé ebi ń pa ọmọ aládùúgbò wa." Oúnjẹ á wà lórí tábìlì, ọwọ́ rẹ̀ á wà lórí ìdérí abọ́, títí màá fi sọ pé ebi ń pa mí. Ìjà wa nìyẹn, ẹ̀rín ló sì máa ń gbẹ̀yìn rẹ̀.

Mo ti ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ lọ́wọ́ nígbà tí rọpárọsẹ̀ kọ lù ú. Mo wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo bá a níbi tó jókòó sílẹ̀ sí, tó fẹ̀yìn ti ẹsẹ̀ tábìlì. Ó wò mí, ó ní, "Ruwa." Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ẹ̀yin náà rèé lónìí o! Ta ló ń béèrè omi níta yẹn?" Ìgbà tí mo súnmọ́ ọn ni mo rí i pé ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. A gbé e lọ sílé ìwòsàn, a sì gbé e padà wálé pẹ̀lú apá ọ̀tún tí kò gbé nǹkan kan mọ́. Dókítà ní ó máa ń ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀, pé bí èdè méjì bá wà lórí èèyàn, àìsàn lè ti ilẹ̀kùn mọ́ ọ̀kan, kó fi èkejì sílẹ̀. Èdè tó fi kọ gbogbo ìwé rẹ̀ ló lọ. Hausa tó kọ́ lágbà, tó fi ń ná tòmátì ní ọjà Kawo, òun ló kù fún un. Bí a bá sọ Yorùbá, ó ń gbọ́ ọ, ojú rẹ̀ ló fi ń dáhùn. Ṣùgbọ́n bó bá la ẹnu, Hausa ni.

Mo fara da ìyẹn. Ohun tí n kò lè fara dà ni pé Asabe ló ń pè mí. Ó pè mí bẹ́ẹ̀ láàárọ̀, ó pè mí bẹ́ẹ̀ lálẹ́, ohùn rẹ̀ sì rọ̀, kò mọ̀ pé ó ń dùn mí. Ẹni tí kò mọ ìdí rẹ̀ lè ní kí ló wà níbẹ̀, ṣebí orúkọ kan náà ni. Lójú tèmi, ṣe ló dà bí ẹni pé wọ́n dá mi padà síbi tó ti gbé mi. Mo máa ń lọ sí ẹ̀yìnkùlé, lábẹ́ dongoyaro, màá sunkún tẹ́rùn kí n tó wá fún un ní kókó.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn tí àbúrò rẹ̀ ọkùnrin fi dé láti Kàbà. Ọ̀nà tí ẹ̀rù àwọn ajínigbé ń ba gbogbo ayé láti gbà ló gbà wá, nítorí náà n kò lè pè é lẹ́ni burúkú. Ó gbé èlùbọ́ wá. Ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ní, "Òkun o," bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn nílé, nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì fi Hausa dá a lóhùn, ó yíjú kúrò kí n má bàa rí omi ojú rẹ̀. Nígbà tó ṣe, ó pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ní òun fẹ́ gbé ẹ̀gbọ́n òun lọ sílé lọ́la, kí wọ́n lè wà láàárín àwọn èèyàn wọn.

Mo ní, "Èmi ńkọ́, Bàbá?"

"Ìwọ? O gbìyànjú, Olúwa á san án fún ẹ. Ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n gbà tọ́ ni ẹ́. Àwa la ni wọ́n."

Mo rí ìyá mi nínú yàrá kan ní Kàbà, láàárín ẹbí tó fẹ́ràn rẹ̀, tí kò sí ẹyọ ẹnì kan nínú wọn tó gbọ́ Hausa. Bó bá ní "ruwa", ta ni yóò mọ̀ pé òùngbẹ ń gbẹ ẹ́? Àárín àwọn èèyàn rẹ̀ ni yóò ti di odi. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó bi wọ́n léèrè fúnra rẹ̀. Ó lọ jókòó sétí ibùsùn, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ máa bá mi lọ sílé, àbí?"

Ìyá mi ní, "Ba zan tafi ba."

"Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní àwọn ò lọ."

Ó mi orí. "Bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ìwọ lọ̀rọ̀ kàn, ìwọ náà lò ń túmọ̀ rẹ̀. Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀?"

Inú bí mi, ṣùgbọ́n ó jàre. Bí mo bá fẹ́ parọ́, kò sí ẹni tó máa mú mi nínú yàrá yẹn. Ó tún yíjú sí wọn, ó nàka sí mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, kí lèyí jẹ́ sí yín?"

Ìyá mi wò mí. Ẹnu rẹ̀ ń gbọ̀n. "A," ló ní. "A..." Òógùn yọ níwájú orí rẹ̀. Mo mọ ohun tó ń wá, mo sì ń bẹ Ọlọ́run nínú mi pé kó má sọ Asabe lójú ọkùnrin yìí. Kò sọ ọ́. Ó pa ẹnu dé bó ṣe máa ń ṣe nídìí tábìlì rẹ̀ bí ọ̀rọ̀ kan bá ń yọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó sinmi, lẹ́yìn náà ó ní, "Na zaɓe ta." Ó tún sinmi. "Na haife ta."

"Túmọ̀ rẹ̀," ni àbúrò rẹ̀ wí.

Mo ní, "Wọ́n ní, mo ṣà á. Mo bí i."

Ìgbà tó kúrò lẹ́nu mi ni etí mi tó gbọ́ ọ. Orúkọ mi ni. Ilẹ̀kùn iwájú ti tì mọ́ ìyá mi, ó sì ru orúkọ mi gba ẹ̀yìnkùlé, ní ìdajì ìdajì. Mo bú sẹ́kún, n kò tilẹ̀ bo ojú.

Àbúrò rẹ̀ ṣí fìlà. "Ta ló sọ ìyẹn fún ẹ?"

"Kí ni, Bàbá?"

Ó wá sọ ọ́. Ó ní lọ́jọ́ tí wọ́n sọ mí lórúkọ, òun fa ẹ̀gbọ́n òun lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn méjèèjì péré, òun ní, "Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ẹ ṣà á lóòótọ́, ta ló bí i?" Ìyá mi sì fèsì pé, "Mo ṣà á, mo bí i," ó ní, "Bí o bá fẹ́ràn mi, má jẹ́ kí ọmọ náà gbọ́ láé pé o béèrè." Láti ọjọ́ náà, àwọn méjèèjì kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, ó sì ti wá mọ̀ pé kì í ṣe èmi ló hun ún.

Òun nìkan ló padà sí Kàbà. Nígbà tó ń lọ, ó gbé ọwọ́ lé mi lórí. "Àṣàbí," ló pè mí, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láyé mi, "bá mi tọ́jú ẹ̀gbọ́n mi."

Mo tọ́jú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìtọ́jú kò lè dá ikú dúró. Òjò ọdún náà kò tíì dá tó fi lọ. Ní gbogbo ìgbà yẹn, èmi ni mo ń sọ Yorùbá nínú ilé, òun ló ń fi Hausa dáhùn. Mo ń ka ìwé rẹ̀ sí i létí, nígbà mìíràn á rẹ́rìn-ín síbi tó yẹ. Asabe ló ń pè mí títí dé òpin, "Mà" ni mo sì ń jẹ́, kò dùn mí mọ́. Mo ti mọ̀ pé kì í ṣe pé ó gbàgbé mi. Gbogbo nǹkan ni àìsàn náà já gbà lọ́wọ́ rẹ̀, àní èdè rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyá mi kọ̀ kò fi mí sílẹ̀ fún un.

Èmi náà ń kọ̀wé báyìí, ní Yorùbá tí mo fi ìgbà èwe mi sá fún, lórí tábìlì kan náà. Kò sí ẹni tó ń wo àjà mọ́ bí mo bá sọ Hausa nínú ilé. Bí mo bá kọ orúkọ mi sí ìsàlẹ̀ ìwé, n kì í tètè fi àmì sí i. Màá pa ẹnu dé, màá kùn ún nímú bó ṣe máa ń kùn ún: dò, dò, mí. Nígbà mìíràn mo máa ń gbàgbé pé èmi ni mò ń kùn ún, màá dáhùn pé, "Mà."