Àmì Orí Pákó Bàbá Lai

Ẹ má dá wọn lóhùn o, àwọn tó ń sọ ọ́ káàkiri etí odò wa pé òkú Bàbá Lai ló di ọwọ́ Suyun, ìyàwó ọmọ rẹ̀, mú níbi tó ti ń kọ pákó ìrántí rẹ̀. Irọ́ ni. Èmi aládùúgbò wọn wà nílé ìdáná wọn lọ́jọ́ náà, mò ń din wàrà sóyà fún àwọn àlejò. Òkú kankan ò di ẹnikẹ́ni mú. Ọwọ́ Suyun fúnra rẹ̀ ló dà á.

Nígbà tí wọ́n gbé Suyun wọlé, apẹ̀rẹ̀ oparun ló mọ̀ ọ́n hun, kò mọ̀wé kọ. Ńṣe ló máa ń ya ọ̀rọ̀ bí ẹni ń ya adìyẹ. Ó lè bẹ̀rẹ̀ láti ìrù. Bẹ́ẹ̀ àwòrán oníìlà ni ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan nínú ìwé tiwa, ìlà kọ̀ọ̀kan ló sì ní èyí tó gbọ́dọ̀ ṣáájú rẹ̀. Bàbá Lai, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ní kò ní í ṣẹlẹ̀ nílé òun. Orí tábìlì ìdáná ló ti kọ́ ọ, omi ni wọ́n fi ń kọ ọ́.

“Òkè kó ṣáájú ìsàlẹ̀! Òsì kó ṣáájú ọ̀tún! Bí ọ̀rọ̀ bá ní àpótí, jẹ́ kí èèyàn wọlé tán kí o tó tilẹ̀kùn!”

Bó bá ṣì í, igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ń jẹun á bà á níka. Kò sì ṣeé tàn jẹ. Bí o kọ ọ́ lẹ́yìn rẹ̀, á wò ó lẹ́ẹ̀kan, á ní, “Ìlà kẹta lo kọ́kọ́ fà, olè.” Odindi ọdún méjìlélógún. Nígbà tó yá, ọwọ́ Suyun ò bi orí rẹ̀ léèrè mọ́.

Bàbá wá kú. Ẹni tó máa ń kọ pákó òkú fún wa wà nílé ìwòsàn, gbogbo ojú bá yí sí Suyun. Bàbá kékeré, àbúrò olóògbé, yọ ṣùtì.

“Obìnrin? Ó dáa. Àmọ́ ìyàwó, pákó kan ṣoṣo la ní. Tí o bá bà á jẹ́, ìta ni ẹ̀gbọ́n mi máa sùn títí ayé, ìwọ lo máa sọ fún un.”

Ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn lórí pákó ní àmì kékeré kan lórí. A kì í fi tàdáwà kọ àmì yẹn. Ọjọ́ ìsìnkú ni àgbà ń fi ẹ̀jẹ̀ àkùkọ tẹ̀ ẹ́, ìgbà yẹn ni òkú tó wọlé jókòó sínú pákó. Suyun mọ̀. Láti àárọ̀ ló ti ń kà á sẹ́nu bí ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́: má kọ àmì, má kọ àmì.

Ó kọ orúkọ, ó kọ ọjọ́ ìbí, ó dé ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn. Ó ṣẹ́jú báyìí, àmì ti wà lórí pákó, ó dúdú, ó ń dán. Kò mọ ìgbà tó kọ ọ́.

Mo gbé tíì wọlé bá a. Ó ti fi apá bo pákó.

“Ẹ̀gbọ́n, mo ti tilẹ̀kùn mọ́ bàbá síta.”

“Ta ló rí ọ?”

“Èmi náà rí ara mi.”

“Panu dé jàre. Ẹ̀jẹ̀ àkùkọ á bò ó.”

“Tí kò bá bò ó ńkọ́? Tó bá dúró lẹ́nu ọ̀nà, tó ń wò mí?”

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ò wá. Fèrè ìsìnkú ti ń ké bọ̀ lójúde. Bàbá kékeré já wọlé.

“Ìyàwó, ṣé pákó lò ń kọ ni, àbí igi ẹ̀ lò ń gbìn?”

Suyun gbé apá kúrò, ó kúnlẹ̀. “Bàbá kékeré, mo ti bà á jẹ́.”

Mo rò pé á gbá a létí ni. Ó kàn wo pákó títí. Ó ránṣẹ́ pe gbẹ́nàgbẹ́nà tó ń kan ìdérí pósí.

“Mo lè fá a lẹ́ẹ̀kan,” ni gbẹ́nàgbẹ́nà wí. “Ẹ̀ẹ̀kejì, ihò ni.”

Suyun tún bẹ̀rẹ̀, gbogbo wa dúró tì í. Nígbà tó dé ọ̀rọ̀ ìkẹyìn, ọwọ́ rẹ̀ tún lọ sókè. Mo dijú. Nígbà tí mo lajú, ó ti fà á sẹ́yìn, ìsàlẹ̀ ló ti ń kọ ọ̀rọ̀ náà gòkè, bí ẹni tí kò rí tíṣà rí, kí ọwọ́ má baà mọ ibi tó wà. Ìlà ìsàlẹ̀ wọ́, àmọ́ kò fọwọ́ kan ibi àmì. Bàbá kékeré tẹ ẹ̀jẹ̀ sí i.

Ọdún kẹta rèé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo bi í bóyá ó gbà pé bàbá jókòó sínú pákó náà.

“Ẹ̀gbọ́n, n ò mọ̀. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí. Àmọ́ mò ń gbé tíì síwájú pákó ẹ̀ láràárọ̀, kò tíì dà á nù.”