Ẹ̀san Ìyá Oníbúrẹ́dì

Nígbà tí Ìyá Oníbúrẹ́dì kọ́kọ́ wọ yàrá ìpàdé ìlàjà, àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́ fún un. Wọ́n rò pé ó wá dárí jini ni. Ó jókòó sórí àga kékeré tí wọ́n ṣe fún ọmọ iléèwé, ó ká apá mọ́ àyà, ó sì ń wo ọkùnrin kan ṣoṣo láti ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ títí wọ́n fi parí. Ibi tó máa dùn ún jù ló ń wá lára rẹ̀.

Bíríkìlà ni gbogbo àdúgbò ń pe ọkùnrin náà. Òun ló bá ọkọ Ìyá Oníbúrẹ́dì mọ ààrò, òun náà ló la ẹnu ọ̀nà kékeré kan sẹ́yìn ilé iṣẹ́ wọn kí ooru lè máa ráyè jáde. Ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ ni wọ́n nígbà yẹn. Bó bá ti yọjú báyìí, ọkọ á ní, "Ọ̀rẹ́ mi, ọ̀bẹ wà níbẹ̀, gé búrẹ́dì bó ṣe wù ọ́," òun náà á sì gé e bí ẹni tí wọn ò fún lóúnjẹ nílé.

Ìbò ló dé. Àwọn ará òkè ní wọ́n rẹ́ àwọn jẹ, àwọn ará ìsàlẹ̀ ní irọ́ ni, ìlú sì pín sí méjì. Ará ìsàlẹ̀ ni Bíríkìlà, ará òkè ni àwọn oníbúrẹ́dì. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí Ìyá Oníbúrẹ́dì lọ gbé ìyẹ̀fun, àwọn jàǹdùkú dáná sun ilé iṣẹ́ náà. Ọkọ rẹ̀ ti Kékeré, ọmọ wọn obìnrin, jáde láti ojú fèrèsé tí kò gba àgbàlagbà. Òun fúnra rẹ̀ sáré sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn. Wọ́n ti fi búlọ́ọ̀kù dí i láti ìta. Àlejò ò lè mọ̀ pé ọ̀nà wà níbẹ̀, torí páànù ló bò ó. Ẹni tó là á ló mọ̀ ọ́n.

Kí wọ́n tó sin ọkọ tó jóná síbẹ̀ náà ni ìyàwó rẹ̀ ti gbọ́ ẹni tó gbé búlọ́ọ̀kù. Kékeré, ọmọ tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́ tẹ́lẹ̀, ò sọ̀rọ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà.

Nígbà tí ìjà rọlẹ̀, ìjọba tuntun ní kí àdúgbò kọ̀ọ̀kan máa ṣèpàdé. Obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Tíṣà ló ń darí tiwọn. Kó tó fẹ̀yìn tì, àwọn tó fẹ́ di olùkọ́ ló ń kọ́ nípa bí ọmọ èèyàn ṣe ń dàgbà. Ó ya àtẹ̀gùn sójú pátákó.

"Ẹ wò ó," ó ní, "ìpele ìpele lèèyàn ń dàgbà. Ohun tí ọmọ ọwọ́ kọ́kọ́ ń kọ́ ni ìfọkàntán: ṣé ẹni tó gbé mi yìí ò ní jù mí sílẹ̀? Lẹ́yìn náà ló máa kọ́ bí wọ́n ṣe ń dá dúró, bí wọ́n ṣe ń dáwọ́ lé nǹkan, títí tó fi máa mọ irú ẹni tó jẹ́. Ẹni tó dàgbà tán lè tọ́ka sí ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ṣe, kó ní èmi ni. Àmọ́ bí jàǹbá bá bá èèyàn ní ìpele kan, ó lè há síbẹ̀. Orílẹ̀-èdè náà ńkọ́? Tiwa há sórí àtẹ̀gùn àkọ́kọ́. A ò fọkàn tán ara wa. Bá a bá kọ́ gbọ̀ngàn ìlú lónìí, a tún máa sun ún."

Orí gbogbo wọn ń mì. Ti Ìyá Oníbúrẹ́dì nìkan ni ò mì, ṣùgbọ́n ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó sì fi í pamọ́ bí ẹni fi ọ̀bẹ pamọ́.

Bíríkìlà dìde. "Èmi ni mo gbé búlọ́ọ̀kù. Wọ́n ní bí mi ò bá ṣe é, ilé tèmi ni wọ́n máa sun. Ìyàwó wa, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ fẹ́ kí n ṣe?"

Ìyàwó wa! Ó ṣì láyà láti pè é bẹ́ẹ̀.

Tíṣà ni Ìyá Oníbúrẹ́dì dá lóhùn. "Ẹ̀yin lẹ sọ pé ọmọ tí jàǹbá bá máa ń há. Ọmọ mi há. Kì í fẹ́ kọjá níwájú ilé tó jóná, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni ọ̀nà iléèwé. Kí ọkùnrin yìí máa wá mú un lọ láràárọ̀. Kó di ọwọ́ rẹ̀ mú, kí wọ́n gba ibẹ̀ kọjá, lójú gbogbo ayé."

Omi bọ́ lójú Tíṣà. Ó ní irú ọkàn báyìí ṣọ̀wọ́n. Kò mọ̀ pé ṣe ni obìnrin náà fẹ́ wọ́ ọkùnrin yìí nílẹ̀ láàárín ìgboro.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin, tí wọ́n jọ ń po ìyẹ̀fun, mọ̀ ní tiẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ọmọ yín lẹ fẹ́ fi na ọkùnrin yẹn ni?"

"Kékeré ò mọ̀ pé òun ló ṣe é. Ẹ̀yìn wọn ni màá wà. Bó bá fọwọ́ kàn án láìdáa, màá pa á."

"Ẹ máa pa á?"

"Ṣé mo jọ ẹni tó ń ṣeré?"

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Láràárọ̀, Bíríkìlà á dúró lẹ́nu ọ̀nà wọn nínú ṣẹ́ẹ̀tì tó lọ̀ dáadáa, bí ọkọ ìyàwó tó wá kí àna. Kékeré á na ọwọ́ sí i. Bàbá tó máa ń jẹ búrẹ́dì nílé wọn ló mọ̀ ọ́n sí. Ìyá á tẹ̀ lé wọn tòun ti apẹ̀rẹ̀ búrẹ́dì lórí. Bí wọ́n bá dé ọ̀dọ̀ àwọn mẹkáníìkì, á gbé ohùn sókè: "Búrẹ́dì rèé o! Ẹ wá wo ẹni tó ń mú ọmọ mi lọ síléèwé!" Àwọn èèyàn á yọjú. Àwọn kan á tutọ́ sílẹ̀. Àwọn ọmọ Bíríkìlà gan-an ò gba ọ̀nà yẹn mọ́. Bí wọ́n bá wá dé iwájú ilé náà, ara ọkùnrin náà á máa gbọ̀n, ìyá á sì dẹsẹ̀ dúró kó lè wò ó tẹ́rùn. Ó dùn mọ́ ọn dé egungun. Bó bá padà sídìí ààrò tuntun tí wọ́n mọ sílé, adùn yẹn ló fi ń po ìyẹ̀fun. Àbúrò rẹ̀ ní búrẹ́dì wọn ò tíì wú tó bẹ́ẹ̀ rí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ti rọ̀, Bíríkìlà tún ń gbọ̀n níwájú ilé náà. Kò wo ọ̀nà rárá, alùpùpù kan sì ń sáré bọ̀. Kékeré fà á lápá.

"Ẹ sún síbí, Bàbá! Ẹ má bẹ̀rù. Mo di ọwọ́ yín mú."

Apẹ̀rẹ̀ já bọ́ lórí ìyá rẹ̀, búrẹ́dì fọ́n sínú ẹrẹ̀. Ohùn ọmọ tó ti ń torí rẹ̀ sunkún sí Ọlọ́run, ẹni tó dínà mọ́ bàbá ọmọ náà ló kọ́kọ́ gbà á. Ó já ọmọ gbà, ó fọ́ ọkùnrin náà létí, ó tún fọ́ ọ. "Olè! O gba ọkọ mi, o tún gba ohùn ọmọ mi!" Bíríkìlà ò gbé ọwọ́ sókè.

Tíṣà gbọ́, ó sáré wá, inú rẹ̀ ń dùn. "Ọmọ yẹn ti gun àtẹ̀gùn! Ẹ dárí jì í wàyí, kí ìlú lè rí i lára yín."

"Ọmọ ló gùn ún, Tíṣà. Èmi wà nísàlẹ̀, ibẹ̀ sì tù mí lára."

Kò pẹ́ sí ìgbà yẹn ni ilé ẹjọ́ tí ìjọba gbé kalẹ̀ dé, wọ́n ń wá ẹlẹ́rìí. Ìyá Oníbúrẹ́dì ló kọ́kọ́ débẹ̀. Tíṣà bẹ̀ ẹ́ títí pé kó má jẹ́rìí. Ó ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ nínú yàrá yẹn, ìlàjà ló wà fún. Bí wọ́n bá gbé e lọ sílé ẹjọ́, ará ìsàlẹ̀ kan ò ní jókòó tì wọ́n mọ́.

"Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ wa pé ẹni tó dàgbà tán ló ń tọ́ka sí ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ṣe," obìnrin náà dá a lóhùn. "Mo fẹ́ kó dàgbà ni."

Lọ́ọ́yà Bíríkìlà ti ní kó sẹ́. Nígbà tí obìnrin náà sọ tẹnu rẹ̀ tán, adájọ́ bi ọkùnrin náà bóyá òótọ́ ni. Ó wo Ìyá Oníbúrẹ́dì, ó wo Kékeré tó jókòó ti àbúrò ìyá rẹ̀.

"Òótọ́ ni," ó ní.

Bí wọ́n ṣe ń mú un lọ sẹ́wọ̀n, Ìyá Oníbúrẹ́dì bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ọlọ́pàá fi ní kó jókòó.

Ohun tí Tíṣà bẹ̀rù ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Àwọn ará ìsàlẹ̀ ò wá sípàdé mọ́, ó sì di kó máa kanlẹ̀kùn wọn láti ilé dé ilé. Ìyàwó Bíríkìlà ló kọ́kọ́ padà wá. "Ọkọ mi ṣe é, ó ń jìyà rẹ̀," ó ní. "Ọ̀rọ̀ ọ̀nà wa tó bàjẹ́ ni mo bá wá." Àwọn ará òkè ń kùn. Ìyá Oníbúrẹ́dì ló dìde: "Ẹ ṣe ọ̀nà wọn. Ọmọ tiwọn náà ń rìn ín." Wọ́n ṣe é.

Tíṣà dì mọ́ ọn, ó rò pé ó ti dárí ji Bíríkìlà. Ìyá Oníbúrẹ́dì rọra já ara rẹ̀ gbà. "Ìlú lè dàgbà, mi ò ní dí i lọ́nà. Àmọ́ ọkùnrin yẹn, mo kórìíra rẹ̀. Màá kórìíra rẹ̀ lọ ni."

Ilé ẹjọ́ ni Kékeré ti wá gbọ́ kedere pé Bíríkìlà ló dínà mọ́ bàbá òun. Nígbà tí wọ́n délé lọ́jọ́ náà, ó bi ìyá rẹ̀ pé, "Màámi, ṣé inú yín dùn?"

"Ó dùn."

"Tèmi ò dùn. Mo kórìíra rẹ̀, mo sì ń ṣàárò rẹ̀."



Nígbà tí Kékeré di ọ̀dọ́bìnrin, ó dá lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n. Ó sọ fún ìyá rẹ̀ kó tó lọ, ìyá rẹ̀ ò sì dá a dúró. Nígbà tó padà dé, búrẹ́dì ń jáde láti inú ààrò. Ìyá ò bèèrè bí ọkùnrin náà ṣe wà, ọmọ ò sì sọ. Kékeré fọwọ́, ó mú àkísà, ó di etí kejì páànù ńlá tó gbóná mú, àwọn méjèèjì sì jọ gbé e sórí tábìlì.