Íǹṣì-Kan àti Abẹ́rẹ́ Inú Agolo Bọ́tìnnì

Nígbà tí obìnrin yìí ṣì ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán, ó ṣe àṣìṣe kan tó lẹ̀ mọ́ ọn bí orúkọ. Ọ̀gá rẹ̀ ní kó gé aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ fún odidi kíláàsì kan. Téèpù ọ̀gá ló fi wọn àwọn ọmọ náà, ṣùgbọ́n téèpù tirẹ̀ ló fi wọn aṣọ lórí tábìlì, téèpù ògbólógbòó kan tí íǹṣì àkọ́kọ́ ti já kúrò lẹ́nu rẹ̀. Gbogbo aṣọ náà ló fi íǹṣì kan kúrú. Àwọn kan máa ń sọ pé kò mọ ìṣirò ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìṣirò rẹ̀ péye. Ẹnu téèpù ni kò wò. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pè é ní Íǹṣì-Kan, láti ìgbà yẹn kan náà ni kò sì ti fa téèpù yọ láìkọ́kọ́ fi àtàǹpàkò tọ́ ẹnu rẹ̀ wò bóyá ó pé.

Ó di àgbà nídìí iṣẹ́ náà. Ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí tábìlì ìgéṣọ ti gùn láti ògiri dé ògiri, tí àjákù òwú sì máa ń bá èèyàn délé lábẹ́ bàtà, òun ni wọ́n máa ń pè tí oníbàárà bá wá fún ìwọ̀n. Àwọn aboyún kì í fẹ́ kí ẹlòmíì wọ̀n wọ́n. Ó mọ bí ikùn ṣe ń yọ díẹ̀díẹ̀, ó mọ ibi tó yẹ kí òun fi aṣọ pamọ́ sí nínú ojú rírán kí wọ́n lè tú u tó bá yá. Àwọn tó gé gáùn oyún fún tún ti padà wá gé ti oyún kejì. Òun fúnra rẹ̀ kò tíì bí.

Ọkọ rẹ̀ ń wa ọkọ̀ akẹ́rù. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ẹni tó máa ń rìnrìn àjò jìnnà tó sì máa ń padà wálé pẹ̀lú ọ̀rọ̀ díẹ̀ lẹ́nu. Àwọn méjèèjì jọ lọ ṣe àyẹ̀wò nílé ìwòsàn ni. Kò sí ohun tó ṣe obìnrin. Ti ọkùnrin ni kò tó: àtọ̀ rẹ̀ kò lágbára. Nígbà tí wọ́n dé ìta, ọkọ di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú.

"Má jẹ́ kí Màmá gbọ́," ló wí.

Ó ṣèlérí fún un. Ìlérí náà kò wúwo lẹ́nu lọ́jọ́ náà.

Ẹ jẹ́ kí a la ìtọ́jú tí dókítà ní kí wọ́n gbà yé ara wa, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ni kò mọ̀ ọ́n. Ọkùnrin ni àìsàn wà lára rẹ̀ o, ṣùgbọ́n obìnrin ni wọ́n máa gún lábẹ́rẹ́. Abẹ́rẹ́ náà ló máa jẹ́ kí ẹyin púpọ̀ gbó pọ̀ nínú obìnrin lẹ́ẹ̀kan náà, dípò ẹyọ kan tó máa ń gbó lóṣooṣù. Wọ́n á wá kó àwọn ẹyin náà jáde, wọ́n á dà wọ́n pọ̀ mọ́ àtọ̀ ọkùnrin nínú abọ́ kékeré, èyí tó bá sì di ọlẹ̀ ni wọ́n máa gbé padà sínú ìyá rẹ̀.

Ìyá ọkọ ń gbé lọ́dọ̀ wọn látìgbà tí orúnkún ti ń dà á láàmú. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni wọ́n wà. Kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn àtẹ̀gùn kì í kúrò lọ́rùn Màmá, níbi tó so ó mọ́ pẹ̀lú okùn, torí olè ti wọ ilé àwọn ará ìsàlẹ̀ rí. Kò sóhun tó wọlé tàbí tó jáde tí kò gba ojú rẹ̀ kọjá. Nítorí náà, inú agolo bọ́tìnnì ni Íǹṣì-Kan máa ń kó abẹ́rẹ́ náà sí, á wá ti agolo náà sí ìsàlẹ̀ fíríìjì lẹ́yìn ẹ̀fọ́. Tó bá fẹ́ gún ara rẹ̀, á wọ balùwẹ̀, á ṣí omi kí ó máa dún. Màmá béèrè lọ́jọ́ kan ìdí tí bọ́tìnnì fi ń gbé inú fíríìjì. Ó ní ooru máa ń jẹ́ kí àwọ̀ wọn ṣí. Màmá gbà á gbọ́, ó tiẹ̀ tún kó bọ́tìnnì ẹ̀wù tirẹ̀ wá kí wọ́n bá òun tọ́jú ẹ.

Ara rẹ̀ kò gba abẹ́rẹ́ náà ní ìrọ̀rùn. Ojú ibi tó gún dúdú, ó wú. Ẹ̀fọ́rí ń mú un láàárọ̀. Ooru á ṣàdédé gùn ún láti àyà dé orí, á máa fi àjákù aṣọ fẹ́ ara rẹ̀ nígbà tí àwọn yòókù wọ súwẹ́tà. Ẹkún wá sún mọ́ ọn ju bó ṣe yẹ lọ. Sípù kan kọ̀ láti pa dé, ó sì jókòó tì í, ó ń sunkún. Ọkùnrin tó ń lọ aṣọ gbé áyọ́ọ̀nù rẹ̀ sókè.

"Íǹṣì-Kan, ṣé ẹbí ẹ ni sípù yẹn ni?"

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín sínú ẹkún.

Nọ́ọ̀sì ti sọ gbogbo èyí fún un tẹ́lẹ̀. Ó ní àwọn wọ̀nyí ṣeé fara dà, ṣùgbọ́n òmíràn wà tí kò ṣeé fara dà rárá. Nígbà míì, ara máa ń gba abẹ́rẹ́ náà ju bó ṣe yẹ lọ: ilé ẹyin á wú, omi á máa jò láti inú iṣan ẹ̀jẹ̀ wá sínú ikùn. "Tí inú bá ń wú kíákíá, tí ìtọ̀ rẹ bá dín, tí èémí rẹ bá ń kúrú, má dúró de ọjọ́ tí a dá fún ọ o, àǹtí." Ó tún fi kún un pé tó bá rí bẹ́ẹ̀, wọn ò ní lè gbé ọlẹ̀ sí i nínú títí ara á fi rọ̀, torí oyún á tún dá kún wàhálà náà. Gbólóhùn tó kẹ́yìn yìí ni Íǹṣì-Kan gbé lọ sílé. Àwọn tó kù kàn wà lẹ́yìn rẹ̀ ni.

Wọ́n kó ẹyin jáde. Ó pọ̀. Dókítà ní ẹyin tó pọ̀ kì í ṣe ohun tí èèyàn kàn ń jó sí, ó ní kó máa ṣọ́ ara rẹ̀ títí wọ́n á fi gbé ọlẹ̀ náà wọlé. Ọkọ fi í sílé, ó padà sí ìdí ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀. Kò pẹ́ sígbà náà ni ikùn bẹ̀rẹ̀ sí í yọ.

Ilé ìdáná ni Màmá ti rí i. Íǹṣì-Kan dì mọ́ etí síńkì, ó ń bì, aṣọ sì fún mọ́ ọn níwájú. Màmá fa àpótí sún mọ́ra, ó jókòó, ó ń wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín tí omijé ń já bọ́.

"Ìyàwó mi, èmi lo wá ń fi pamọ́ fún?"

Íǹṣì-Kan la ẹnu. Ohun tó máa jáde níbẹ̀ ni abẹ́rẹ́. Ẹni tó bá sì gbọ́ abẹ́rẹ́ máa béèrè ìdí rẹ̀. Ó pa ẹnu náà dé. Màmá ka ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ sí bẹ́ẹ̀ ni.

Láti ìgbà náà, ilé di àgọ́ ọlọ́pàá. Màmá fúnra rẹ̀ pe ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù pé ìyàwó òun ò ní wá síbi iṣẹ́, àtẹ̀gùn kì í ṣe ọ̀rẹ́ oyún tuntun. Ó ti ilẹ̀kùn, ó dá kọ́kọ́rọ́ padà sọ́rùn. Ó pe àwọn àbúrò rẹ̀, ó pe àwọn tí wọ́n ti ń bi í léèrè láti ọdún yìí wá, ohùn rẹ̀ sì ń ga sí i bí ó ṣe ń pè. Íǹṣì-Kan wọ yàrá, ó pe ọkọ rẹ̀ lórí fóònù.

Ọkọ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán. "Jẹ́ kó máa yọ̀ ná," ló wí. "Tí wọ́n bá ti gbé ọlẹ̀ sí ọ nínú, ó ti di òótọ́ nìyẹn."

Ọ̀rọ̀ náà mọ́gbọ́n dání, ìyẹn gan-an ló burú nínú rẹ̀. Gbogbo ohun tó yẹ kí obìnrin náà ṣe kò ju kó dúró jẹ́ẹ́ títí di ọjọ́ tí wọ́n dá. Nọ́ọ̀sì pè é láti mọ bó ṣe ń ṣe sí. Ṣé inú ń wú? Ó ní díẹ̀. Ṣé ó ń tọ̀ dáadáa? Ó ní ó ń tọ̀. Bẹ́ẹ̀ kí ó tó gbé fóònù, balùwẹ̀ ló ti jáde, ìtọ̀ tó rí kò sì ju èyí tó lè rin ìsàlẹ̀ ife lọ.

Kò lè fẹ̀yìn lélẹ̀ mọ́. Ó to ìrọ̀rí jọ, ó fẹ̀yìn tì í bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀. Irin fèrèsé pín ojú òpópónà sí gígùn-gígùn. Láàárín irin àti irin, àwọn èèyàn ń lọ síbi iṣẹ́ wọn. Ó fa téèpù yọ nínú báàgì. Ó fi àtàǹpàkò tọ́ ẹnu rẹ̀ wò, ó pé. Ó yí i ká ìdodo, ó fi píìnì gún ibi tó pàdé. Ó jẹ́ kí oòrùn yí kúrò lójú fèrèsé, ó tún wọ̀n. Ẹnu téèpù kò dé ibi tí píìnì wà mọ́, àlàfo rẹ̀ sì gba ìka ọwọ́ rẹ̀. Ó tún tọ́ ẹnu rẹ̀ wò. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, ó wù ú kí téèpù ti já. Gbogbo ikùn tó ti wọ̀n rí, kò sí èyí tó kúrò nídìí píìnì láàárín òwúrọ̀ sí ọ̀sán.

Ó rìn dé ilẹ̀kùn, ó yí ọwọ́ rẹ̀. Títì ló wà. Màmá wà lórí àga, súwẹ́tà kékeré tí ọmọ rẹ̀ wọ̀ nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́ wà lórí itan rẹ̀, ó ń wá ibi tí kòkòrò ti jẹ ẹ́.

"Màmá, ẹ bá mi di ẹnu téèpù yìí mú."

"O ti fẹ́ máa gé gáùn oyún? Rọra, ìyàwó, a ṣì wà níbẹ̀rẹ̀."

"Ẹ sáà bá mi dì í mú."

Màmá dì í mú. Íǹṣì-Kan yí ìyókù ká ara rẹ̀, ó fi píìnì hàn án. "Ibi tó wà láàárọ̀ nìyí." Ó mí lẹ́ẹ̀mejì kó tó lè sọ èyí tó kù. "Ibi tó wà báyìí nìyí."

Màmá wo píìnì, ó wo ikùn, ojú rẹ̀ là. "Ìbejì nìyẹn."

"Oyún kọ́, Màmá. Kò sí oyún níbẹ̀. Omi ni. Abẹ́rẹ́ tí mò ń gbà ká lè rí ọmọ bí ló fà á. Mi ò lè mí mọ́."

Súwẹ́tà náà já bọ́ láti orí itan Màmá, kò sì sẹ́ni tó mú un.

"O wá jẹ́ kí n máa pe àwọn èèyàn."

"Mo jẹ́ kí ẹ máa pè wọ́n, mà."

"Ọmọ mi mọ̀ sí i?"

"Ó mọ̀."

"Kí ló wá ń ṣe ọ́ gan-an, tí wọ́n fi ń gún ọ lábẹ́rẹ́?"

Irọ́ tó máa dáhùn ìbéèrè náà kò ṣòro. Ó lè ní òun ni àbùkù wà lára òun. Ọdún pípẹ́ ni gbogbo ẹbí ti fi gbà bẹ́ẹ̀. Ó fọwọ́ ti ògiri.

"Ẹ ṣí ilẹ̀kùn ná, Màmá. Èyí tó kù, ọmọ yín ni kí ẹ bi."

Màmá kò gọ̀. Ó wò ó fún ìgbà díẹ̀ bí ẹni tó ń ka ìwé tí a kọ wẹ́wẹ́, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í fa okùn ọrùn rẹ̀. Okùn há mọ́ gèlè, ó fà á tòun ti gèlè. Ó ṣí ilẹ̀kùn, òun ló sì kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó kọ ẹ̀yìn sí ìsàlẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè sí ìyàwó ọmọ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ orúnkún ń ro ó ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tí wọ́n dé ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì kò bá a jà. Ó kàn béèrè ìdí tó fi ní òun ń tọ̀ dáadáa. "Mo fẹ́ kí ẹ gbé ọlẹ̀ sí mi nínú ni," ló fi dá a lóhùn. Dókítà ní ìyẹn kò ṣeé ṣe báyìí. Wọ́n á tọ́jú àwọn ọlẹ̀ náà pa mọ́ sínú yìnyín, wọ́n á fa omi ikùn jáde, wọ́n á máa fa omi mìíràn sí i lára láti ọwọ́. Ìgbà tí wọ́n á tún tó sọ̀rọ̀ ọmọ, ara rẹ̀ ló máa sọ. Ó sì sọ fún un gbangba pé ká ní ó tún dúró sílé ni, ẹ̀jẹ̀ lè dì nínú iṣan rẹ̀, èèyàn sì máa ń ti ibẹ̀ kú.

Màmá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àwọn tó pè ń pè é padà láti bá a yọ̀. Ó ń wo fóònù náà bó ṣe ń dún lọ́wọ́ rẹ̀, kò gbé e.

Nígbà tí ọkọ dé, kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ akẹ́rù ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò wọlé dé ìdí ibùsùn. Màmá dìde, ó mú un lọ sí ìpẹ̀kun ọ̀dẹ̀dẹ̀. Láti ojú gíláàsì ilẹ̀kùn, Íǹṣì-Kan rí ẹnu Màmá tó ń lọ, ó rí orí ọkọ rẹ̀ tó sọ̀ kalẹ̀. Kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Rọ́bà omi so ọwọ́ rẹ̀ mọ́ irin, kò lè dìde lọ bá wọn.

Nọ́ọ̀sì wá láti wọn ikùn rẹ̀. Ó ní òun kò rí téèpù òun, ṣé àǹtí lè yá òun ní tirẹ̀. Íǹṣì-Kan fà á yọ lábẹ́ ìrọ̀rí, ó fi àtàǹpàkò tọ́ ẹnu rẹ̀ wò, kó tó nà án sí i.

Ibi tí a mọ̀ pé ó wà gbẹ̀yìn ni wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin ní òkè ilé ìwòsàn náà, lórí ibùsùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Wọn ò tíì ní kó máa lọ sílé.